Bí Dùnníolúwa Ṣe Ri Òpó Ilé Ọkọ Rẹ̀

Kò sí ẹni tó gbọ́ ìró ìbọn ogun rí ní Zion Ìtura. Ìró omi ni a mọ̀, àti ìró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń lọ sí Zion Pepe láàárọ̀, àti agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ogun wà ní òkè Ọya lọ́hùn-ún, ní ilẹ̀ tó gbẹ débi pé ètè àwọn ọmọ wa tó lọ jà níbẹ̀ ti bó kí wọ́n tó fojú kan ọ̀tá. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá rìn lórí afárá pákó wa láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, yóò mọ àwọn ilé tí ogun ń gbé. Ní àwọn ilé wọ̀nyẹn, obìnrin ni ó ń tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ palẹ̀ tó sì ń tún un tò. Obìnrin ni ó ń gun òrùlé lọ dí ibi tó ń jò. Bí fóònù bá sì dún, tí nọ́ńbà ojú rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí wọn kò mọ̀, gbogbo ilé á dákẹ́ jẹ́ẹ́, títí kan àwọn ọmọdé.

Dùnníolúwa ni ó ń gbé ọ̀kan nínú àwọn ilé náà. Mahintedo ni wọ́n ti bí i, bàbá rẹ̀ jẹ́ apẹja, ìyá rẹ̀ sì ń kiri iyọ̀ àti kẹrosínì nínú ọkọ̀ kékeré. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ní ohùn ńlá kan tó dà bí ẹni pé ó yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti máa ń ní kó ké ìpolówó, nítorí pé ohùn rẹ̀ máa ń dé ẹnu ọ̀nà àwọn oníbàárà kí ọkọ̀ wọn tó yọ ní ìyànà odò. Jóṣúà, ọkọ rẹ̀, fẹ́ràn láti máa sọ pé ohùn náà ni òun kọ́kọ́ fẹ́.

"Mo rò pé obìnrin sísanra kan ló ń bọ̀," ni ó máa ń wí. "Nígbà tí mo fi rí i, ó ti pẹ́ jù láti sá."

Sójà ni Jóṣúà. Kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn ìbọn. Omi ni àwọn ológun tìtorí rẹ̀ gbà á, nítorí ogun náà dé etí adágún Chad, àwọn ọmọ ilẹ̀ gbígbẹ tó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kò sì mọ bí a ti ń wa ọkọ̀ gba àárín koríko omi kọjá. Ọmọ Ìlàjẹ bíi tiwa mọ̀ ọ́n. Ni wọ́n bá fi Jóṣúà ṣe awakọ̀ fún àwọn tó ń ṣọ́ adágún. Ọdún ń gorí ọdún, ó sì ń wá sílé bí àlejò: ó ń wá lójijì, ó ń lọ kí ara ọmọ rẹ̀ tó mọ́ ọn. Tẹ́ní, ọmọbìnrin wọn, máa ń kí i ní "ẹ káàárọ̀, sà" bí ẹni ń kí olùkọ́.

Ẹja yíyan àti edé sísá ni Dùnníolúwa fi ń gbé ilé ró. Kì í ṣe ilé nìkan. Bí sójà ẹlẹgbẹ́ ọkọ rẹ̀ kan bá ń padà sí òkè Ọya, yóò di edé àti púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, fún un títí àpò rẹ̀ kò fi ní ṣeé dé mọ́. Ó ní òun gbọ́ pé ìrẹsì ni wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ níbẹ̀, ọkùnrin kò sì lè fi ìrẹsì nìkan jagun.

Ilé wọn wà ní Ìlà Òkun, ìlà ilé tó kọjú sí òkun ńlá. Nígbà tó fẹ́ Jóṣúà, ìlà ilé méjì ṣì wà níwájú wọn, àti etíkun tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Òkun jẹ ìlà kìíní. Ó jẹ ìkejì. Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, bí ìgbì bá dé lálẹ́, ìkòkò orí àdògán á máa kan ara wọn nínú ilé ìdáná Dùnníolúwa.

Zion Ìtura kì í bá òkun jà. Bí òkun bá ti dé ẹsẹ̀ ìlà kan, a ó ṣí ìlà náà lọ sẹ́yìn, sí ẹ̀gbẹ́ odò, níbi tí igi ẹ̀gbà tó ń hù nínú omi ti ń dá ìgbì dúró. Ilé pákó ni ilé wa, orí òpó ló sì ń gbé; a lè tú u, kí a kó o sínú ọkọ̀, kí a lọ tún un tò. Òpó nìkan ni a kì í gbé. Tuntun ni a ń rì. Lára òpó ilé wọ̀nyí sì ni afárá tí gbogbo wa ń rìn wà: láti ara òpó tèmi ni a ti ń na pákó dé ara òpó tìrẹ. Bí ààyè kan bá ṣófo láàárín, afárá já nìyẹn. Aláboyún kò ní rí ọ̀nà dé ọkọ̀, arúgbó kò ní rí ọ̀nà dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá tó dá ìlú náà sílẹ̀ fi ṣe òfin kan tí kò mọ ojú ẹnikẹ́ni: ẹni tí òpó igun ilé rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dúró kí omi ńlá tí òkun máa ń rú wá ní àsìkò rẹ̀ tó dé ló ni ààyè. Bí òpó kò bá dúró, ààyè di ti ẹni tó ń retí lẹ́yìn rẹ̀.

A kì í fi òòlù ri òpó. Ẹrọ̀fọ̀ wa kò gbọ́ ti òòlù. A ó gbé igi ẹ̀gbà gígùn nàró láàárín ọkọ̀ méjì, a ó so igi ìbú kan mọ́ ọn bí apá àgbélébùú, àwọn ọkùnrin á sì gun apá náà lọ́tùn-ún àti lósì. Wọn á máa fì. Ìwúwo wọn á máa mi òpó, ẹrọ̀fọ̀ á máa yà fún un, wọn á máa tú okùn, wọn á máa so igi ìbú sókè sí i, títí òpó yóò fi kan iyanrìn líle nísàlẹ̀. Nígbà tó bá kàn án, ẹni tó wà lórí igi ìbú á mọ̀ ọ́n nínú egungun ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àáró ni iṣẹ́ náà. Wá fì lórí òpó mi, kí n wá fì lórí tìrẹ. Kò sí ẹni tó ń gba owó, kò sì sí ẹni tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé tí kò ní ọkùnrin kò ní ohun tí yóò fi san án padà.

Gbogbo ìlú ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Rèbékà. Òun ni olórí ẹgbẹ́ akọrin, obìnrin kúkúrú kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Dáfídì ọkọ rẹ̀ kú sójú ogun. Àwọn ọkùnrin ìlú sunkún, wọ́n gbàdúrà, wọ́n kó ẹja wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlà tiwọn ṣí, oníkálukú dojú kọ òpó tirẹ̀, omi ńlá dé, ààyè Rèbékà sì bọ́. Yàrá ẹ̀yìn ní ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbé láti ìgbà náà, ó sì kó àwọn pákó ilé rẹ̀ jọ sí àjà ilé náà níbi tí ikán ti ń jẹ wọ́n. Kò sí ẹni tó fẹ́ ibi fún un. Ohun tó burú níbẹ̀ gan-an nìyẹn: kò rí ẹni tí yóò bínú sí.

Nígbà tí wọ́n kéde pé Ìlà Òkun yóò ṣí, Dùnníolúwa lọ bá Bàbá Ábúráhámù, alàgbà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òpó. Ó bá a níbi tó jókòó sí, tó ń di àwọ̀n.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Káàárọ̀, ìyá Tẹ́ní. Àwọn ará ojú ogun ńkọ́?"

"Ó pè lọ́jọ́ Àìkú, sà. Ó ní kí n kí yín. Bàbá, ọ̀rọ̀ òpó ni mo bá wá."

"Mo mọ̀. Mo ti ń retí rẹ." Bàbá gbé àwọ̀n sílẹ̀. "Ta ni yóò gun igi ìbú fún ọ?"

"Mo ní kí ẹ bá mi bi àwọn ọkùnrin."

"Mo ti bi wọ́n. Àwọn tó wà nílé ń ri tiwọn. Àwọn tó ti parí ti lọ sókun, torí ẹja ṣawa ti dé, o mọ̀ pé ṣawa kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ku èmi. Bí èmi bá sì gun igi ìbú náà, Èkó ni ẹ ó ti lọ máa wá òkú mi."

Dùnníolúwa kò rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi," ni Bàbá wí, "kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò ọkọ rẹ ní Ìgbókòdá. Bí ogun bá parí, tí Jóṣúà bá dé..."

"Bàbá, ogun yìí ti wà kí n tó relé ọkọ. Ta ló sọ fún yín pé ó ń parí?"

Bàbá tún gbé àwọ̀n rẹ̀, ó ń di í lọ.

Ẹni tó ń retí ààyè lẹ́yìn Dùnníolúwa ni Fágbèmí, awakọ̀ ojú omi tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára jù ní ìlú. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun àti ìyàwó rẹ̀ tó lóyún ń gbé lọ́dọ̀ àna rẹ̀, àna náà sì ń kà á létí lójoojúmọ́ pé ọkùnrin tí kò ní òpó kò yàtọ̀ sí ewéko orí omi. Ó ti gé òpó tirẹ̀, ó wọ́ wọn wá sínú omi, ó sì so wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ ààyè Dùnníolúwa bí ẹni so ajá mọ́ ẹnu ọ̀nà.

"Ìyàwó ọ̀gá sójà!" ni ó kígbe láti inú ọkọ̀. "Ẹ ò ṣe ní kí wọ́n fi bàálù já òpó yín bọ́ látòkè?"

"Mo ti sọ fún wọn," ni Dùnníolúwa dá a lóhùn. "Wọ́n ní àwọn kọ́kọ́ fẹ́ mọ ibi tí ìwọ yóò dúró sí, kí ó má baà ṣe èèṣì bà ọ́."

Fóònù máa ń dún níbi púpọ̀ ní Zion Ìtura, ṣùgbọ́n orí àkàbà tánkì omi ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń já geere jù. Níbẹ̀ ni Dùnníolúwa dúró sí nígbà tí Jóṣúà pè. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Kó lọ," ni Jóṣúà wí. "Dùnní, mo bẹ̀ ọ́. Pákó lásán ni. Èmi yóò wá kọ́ òmíràn."

"Sí orí ààyè wo?"

Atẹ́gùn òkè Ọya ń fẹ́ wọ inú fóònù.

"Ẹ wà níbẹ̀ yẹn, ẹ ń ṣọ́ ilẹ̀ tí kì í ṣe tiyín kí ó má baà bọ́ mọ́ ẹni tó ni ín lọ́wọ́," ni Dùnníolúwa wí. "Èyí tó jẹ́ tiwa, ṣé kí n dìde fún un ni? Bí o bá dé tí Fágbèmí ń na aṣọ sórí ààyè rẹ, ibo ni wàá sọ fún Tẹ́ní pé ìwọ ti wá?"

"Ta ni yóò ri òpó?"

"Mi ò tíì mọ̀," ni ó dáhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì nísàlẹ̀, ẹgbẹ́ akọrin ń kọ́ orin. Ó yẹ kí n sọ pé ẹgbẹ́ akọrin wa wà lábẹ́ òfin ní àkókò náà. Orí òpó ni ṣọ́ọ̀ṣì wa wà bí ilé yòókù. Ní ọjọ́ ìkórè tó kọjá, àwọn obìnrin wọ̀nyí jó débi pé igun tí wọ́n dúró sí rì lọ sísàlẹ̀, wàláà orúkọ àwọn olùdásílẹ̀ já bọ́, àga alàgbà sì yọ̀ lọ kan ògiri pẹ̀lú alàgbà lórí rẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn àgbà pàṣẹ pé kí wọ́n máa kọrin lórí ìdúró. Ara wọn kò gbà á. Bí orin bá ti wọlé, pákó á bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

"Ẹ rọra!" Dùnníolúwa gbọ́ ohùn Rèbékà láti inú ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹ rọra, ẹ̀yin obìnrin yìí! Ẹ tún fẹ́ ri ilé Ọlọ́run mọ́lẹ̀?"

Dùnníolúwa fi ẹsẹ̀ kan dúró lórí àkàbà. Lẹ́yìn náà ló wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà.

"Ìyá akọrin," ni ó wí, "ẹ jẹ́ kí a lọ ri tèmi."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Rèbékà kò rẹ́rìn-ín. Ó wo Dùnníolúwa pẹ́, bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láti òdìkejì odò tí kò sì mọ̀ bóyá òun ni wọ́n ń pè.

"Obìnrin kì í gun igi ìbú," ni ọ̀kan nínú wọn wí.

"Òfin sọ bẹ́ẹ̀?" ni Rèbékà bi í.

"Òfin ò sọ bẹ́ẹ̀. A ò kàn rí i rí ni."

"A ò rí ibi tí akọrin ti ri ṣọ́ọ̀ṣì rí náà." Rèbékà pa ìwé orin dé. "Ìró tí a ró kò ṣeé fi gun òpó. Ẹ lọ wá ṣòkòtò ọkọ yín. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ bá bínú, kí ó ní kí ọkọ náà wá gun igi ìbú dípò òun."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo Zion Ìtura tú jáde sórí afárá láti wòran. Àwọn obìnrin dé nínú ọkọ̀ méjì, wọ́n wọ ṣòkòtò tí wọ́n fi okùn àwọ̀n so mọ́ ìdí. Ìyàwó tíṣà tuntun kan láti Àkúrẹ́, Adétutù, tí kò mọ̀ ju kí ó dúró lórí ilẹ̀ líle lọ, wà láàárín wọn. Ó di etí ọkọ̀ mú, ó ń ka sáàmù. Wọ́n gbé òpó kìíní nàró. Wọ́n gun igi ìbú. Rèbékà dá orin ìyìn kan, wọ́n gbè é, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fì.

Òpó wọlẹ̀. Ariwo sọ. Ó tún wọlẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ó ń tẹ̀ lọ sí ìhà odò, àwọn obìnrin sì ń kọrin lọ, títí ó fi dúró ní wíwọ́ bí igi ọ̀pẹ tí ìjì gbá, tí àwọn tó wà lápá òsì sì já bọ́ sínú omi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fágbèmí ń lu etí ọkọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀rín. "Ẹ kú orin o! Òpó yín ń tẹrí ba fún Olúwa!"

Fífà ni wọ́n lo ìyókù ọjọ́ náà fún, nítorí pé ó rọrùn láti ri òpó ju láti fà á yọ lọ. Ẹrọ̀fọ̀ di òpó náà mú bí ọmọ ti ń di ọmú. Nígbà tó fi jáde, ọwọ́ gbogbo wọn ti bó. Omi ńlá kò sì jìnnà mọ́. A ti ń gbọ́ ọ lóru. Bàbá Ábúráhámù wá, ó wo ọwọ́ wọn, ó ní, "Ẹ ti gbìyànjú. Ẹ̀ṣẹ̀ kò sí nínú kí a ṣíwọ́."

Dùnníolúwa jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ń wo òkun, ó ń rò ó. Kì í ṣe pé wọn kò wúwo tó. Orin ni. Àwọn ọkùnrin kì í kọrin lórí igi ìbú; wọ́n á kàn máa han, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, bí ọkùnrin méjì tó ń la pákó. Ṣùgbọ́n àwọn akọrin ti ń fì pa pọ̀ láti ìgbà ọmọdé: bí orin ìyìn bá ti wọlé, ìhà kan náà ni gbogbo ara ń lọ. Ọdún gbọgbọrọ ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì mọ̀ ọ́n jù. Ohun tó tẹ ṣọ́ọ̀ṣì ló tẹ òpó.

Ó sọ ọ́ fún Rèbékà ní àárọ̀.

"Kí a má kọrin?" ni Rèbékà bi í. "Àwọn wọ̀nyí? Bí wọn ò bá kọrin, ẹsẹ̀ wọn ò ní mọ ohun tí wọ́n ń ṣe."

"Kí á má kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ kó àwọn olóhùn òkè sápá ọ̀tún, kí ẹ kó àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ sápá òsì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjú síra wọn bí ẹni ń jà. Èmi ni n ó dá a."

Nígbà tí wọ́n gun igi ìbú lẹ́ẹ̀kejì, àwọn tó wà lórí afárá ń retí orin ìyìn. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni ohùn ńlá Dùnníolúwa láti orí igi, ohùn ọmọbìnrin Mahintedo nínú ọkọ̀ ìyá rẹ̀:

"Ẹ ra iyọ̀ o!"

Apá ọ̀tún tẹ̀ wálẹ̀. "Iyọ̀ dé!"

"Kẹrosínì ńkọ́?"

Apá òsì tẹ̀ wálẹ̀. "Ó kún àgbá!"

"Ẹ ra iyọ̀ o!"

"Iyọ̀ dé!"

Kò sí ẹni tó ti fi ìpolówó iyọ̀ jó rí, nítorí náà ara wọn kò ní ibi tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ tó fẹ́ máa lọ. Ọ̀tún dáhùn, òsì dáhùn, òpó sì ń wọlẹ̀ gbọnrangandan bí ẹni pé wọ́n ń fà á láti ìsàlẹ̀. Wọ́n tú okùn, wọ́n so igi ìbú sókè, wọ́n tún gùn ún. Lójijì, Adétutù ké.

"Ẹsẹ̀ mi! Kí ló gbá mi lẹ́sẹ̀ yẹn?"

"Iyanrìn ni!" ni Bàbá Ábúráhámù kígbe láti orí afárá, ó ti gbàgbé pé àgbà ni òun. "Iyanrìn ni, ọmọ mi! Ó ti kàn án!"

Òpó kejì wọlẹ̀. Ìkẹta fẹ́ ṣe orí kunkun, wọ́n polówó ẹja àti òróró fún un títí ó fi gbà. Nígbà tí wọ́n fi dé orí ìkẹrin, ìkúùkù ti ṣú sójú òkun, omi ti ń gun ẹsẹ̀ àwọn òpó, ó sì hàn sí gbogbo ènìyàn pé omi ńlá náà ni. Fágbèmí ti tú okùn òpó tirẹ̀, ó ń dúró.

Òpó ìkẹrin ti wọlẹ̀ dé àárín nígbà tí fóònù Dùnníolúwa dún. Ó ti fi náílọ́nù dì í, ó sì fi í kọ́ ọrùn. Ó wò ó. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ ni.

Gbogbo wọn rí ojú rẹ̀. Wọ́n dákẹ́, apá ọ̀tún àti apá òsì. Rèbékà mọ ìdákẹ́jẹ́ náà. Ọjọ́ tí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ pè é, ẹja ló ń yọ lórí iná. Ó na ọwọ́ kọjá lórí igi, ó di ọwọ́ Dùnníolúwa mú. Bí òpó bá dúró pẹ́ láàárín ẹrọ̀fọ̀, ẹrọ̀fọ̀ á dì mọ́ ọn, kò ní lọ síwájú mọ́. Gbogbo wọn mọ èyí náà. Kò sí ẹni tó mira.

"Hẹ̀lóò?" ni Dùnníolúwa wí.

"Hẹ̀lóò! Ṣé ìyá elédé nìyẹn? Láti Ìgbókòdá ni mo ti ń pè. Wọ́n ní edé yín kì í ní iyanrìn."

Rèbékà ló gba fóònù náà mọ́ Dùnníolúwa lọ́rùn. "Màdáàmù," ni ó kígbe sínú rẹ̀, "a ní edé, a ní ẹja, a sì tún ní iyọ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe wá padà, orí igi la wà!"

Ẹ̀rín tó bẹ́ sílẹ̀ ló kọ́kọ́ mi òpó náà. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún, Dùnníolúwa tún gbé ohùn sókè, ìpolówó sì lọ lẹ́nu wọn bí ìgbì, títí gbogbo ẹsẹ̀ tó wà lórí igi ìbú fi gbọ́ iyanrìn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ku fífà. A kì í gba òpó láìfà á: wọ́n á so okùn mọ́ ọn, wọ́n á so orí rẹ̀ kejì mọ́ ọkọ̀, wọ́n á sì fún ẹ́ńjìnnì níná. Bí òpó bá yẹ̀, kò dúró nìyẹn. Bàbá Ábúráhámù wo àyíká.

"Fágbèmí, mú ọkọ̀ rẹ wá. Tìrẹ ló lágbára jù."

"Bàbá, ṣé èmi ni kí n fà á?"

"Ìwọ kọ́ ni ààyè kàn? Fà á dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé a ṣojúsàájú."

Fágbèmí fa ìkìíní. Kò yẹ̀. Ó fa ìkejì àti ìkẹta, ẹ́ńjìnnì ń han, omi ń fọ́n lẹ́yìn rẹ̀, òpó dúró bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tó dé ìkẹrin, ó fún ẹ́ńjìnnì ní gbogbo iná tó ní. Okùn le, ó dún bí okùn gòjé. Imú ọkọ̀ dìde sókè. Okùn já, ọkọ̀ fò síwájú, Fágbèmí sì jókòó sínú omi lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú fìlà lórí.

Àwọn obìnrin ló fà á jáde.

"Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi," ni Rèbékà wí, ó ń nu ẹrọ̀fọ̀ kúrò lójú rẹ̀ bí ẹni ń nu ọmọdé. "Òpó náà ní o kú iṣẹ́."

Bàbá Ábúráhámù fọwọ́ kan òpó kọ̀ọ̀kan, ó sì yí padà sí àwọn ènìyàn lórí afárá. "Ilé Jóṣúà dúró," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ló rò ó díẹ̀. "Rárá o. Ilé Dùnníolúwa dúró." Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún láìtó àkókò. Omi ńlá dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gba àárín òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá, ó sì lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e, Fágbèmí wá kí Dùnníolúwa. Kò wá nínú ọkọ̀. Ó fẹsẹ̀ rìn lórí afárá, ó sì dọ̀bálẹ̀ lójú àna rẹ̀ àti gbogbo ènìyàn.

"Ìyá Tẹ́ní, ẹ má bínú. Wọ́n ti fún mi ní ààyè míì, ní ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún. Àwọn tí ìbá bá mi ri òpó wà lókun. Mo ní kí n bẹ̀ yín ni... ẹ̀yin àti àwọn akọrin."

"Owó kọ́, ọwọ́ lẹ ó fi san án," ni Dùnníolúwa wí.

"Mo mọ̀. Mo lọ́wọ́."

"Tèmi kọ́ ló kọ́kọ́ kàn. Ẹ lọ bá mi kó àwọn pákó Rèbékà jáde ní àjà ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ẹ ṣa èyí tí ikán kò jẹ. Òpó tiẹ̀ ni a ó rì lónìí, lórí ààyè tí àwọn àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà la ó wá sórí tiyín."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Rèbékà ló gun igi ìbú òpó tirẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ òun, títí ìkẹrin fi kan iyanrìn. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó bẹ́ sínú omi pẹ̀lú ṣòkòtò Dáfídì nídìí rẹ̀, ó wẹ̀, ó sì kọ orin kan tí kò sí nínú ìwé.

Ìsinsìnyí, tí ìlà kan bá fẹ́ ṣí, àwọn obìnrin Zion Ìtura náà ń gba àáró. Wọ́n tilẹ̀ ti wá pè wọ́n láti ìlú Oríòkè-Ìwàmímọ́. Àwọn àgbà ti yí òfin ijó ṣọ́ọ̀ṣì padà pẹ̀lú: wọ́n gbà pé kí akọrin máa jó, bí ó bá jẹ́ pé ìdajì á wà lọ́tùn-ún, ìdajì á wà lósì.

Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí ilé Dùnníolúwa ni Jóṣúà pè. Wọ́n kò tú òrùlé náà. Wọ́n gbé e lódidi sórí ọkọ̀ méjì tí wọ́n so pọ̀, Fágbèmí níwájú pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, àwọn obìnrin lọ́tùn-ún lósì pẹ̀lú okùn, Tẹ́ní àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé e lórí afárá. Òrùlé páànù náà ń lọ lórí omi láàárín ìlú, oòrùn ń tàn lára rẹ̀.

"Ariwo kí nìyẹn?" ni Jóṣúà bi í. "Dùnní, ṣé o ti dé Ìgbókòdá? Kí ló ń dún bẹ́ẹ̀?"

"Ilé rẹ ni," ni ó wí. "Ó ń kọjá lọ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ilé wo? Ta ló ń gbé e?"

Okùn ọ̀tún ti ń rọ̀, òrùlé ń fẹ́ tẹ̀ sí òsì, Rèbékà sì ń kígbe orúkọ rẹ̀.

"Dúró díẹ̀," ni Dùnníolúwa wí fún ọkọ rẹ̀. Ó ju fóònù sí àyà, ó di okùn mú, ó sì gbé ohùn rẹ̀ sókè.